Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: áàpù ayánilówó kan àti nọ́ńbà 412 nílùú Ìlọrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní Ìlọrin níbí. Gàá Àkànbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Fóònù ni mò ń tún ṣe níbẹ̀, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun. Mo ti pààrọ̀ àwọn nǹkan díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Ìyá Olófì ni màá máa pè é, torí iṣẹ́ òfì ni wọ́n bá nílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí bí ẹ ò bá mọ ìyẹn, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún jù. Ẹni ọdún 58 ni. Kò hun mọ́, ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Òun ló ń ra òwú, tó ń pín in fún àwọn ahunṣọ mẹ́rin, tó sì ń ta aṣọ-òkè tí wọ́n bá hun. Láti ọdún mọ́kànlá ló ti jẹ́ akápò àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò wọn. Inú agolo mílíìkì kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni owó àsàlátù wà, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí sì wà lórí agolo náà. Bí òde bá wà, òun ni àwọn obìnrin máa ń kó báàgì wọn fún kí wọ́n tó dìde jó. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀, tí kì í fọkàn tán ènìyàn bọ̀rọ̀, a máa fa báàgì tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ láìka owó inú rẹ̀.

Òwú ló gbé e dé ìdí gbèsè. Oníbàárà kan fẹ́ ṣe yìgì ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, ó sì ní kó bá òun ṣe aṣọ-òkè ẹbí. Owó àsansílẹ̀ ra ìdajì òwú, àwọn ahunṣọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó ku ₦40,000 kí ìyókù tó pé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń dá owó sí kò ní pàdé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó lè mú owó nínú agolo àsàlátù kó sì dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó sọ fún mi pé òun rò ó lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rù Ọlọ́run sì bà òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orúkọ tí wọ́n padà pè é.

Ọmọkùnrin tó ń bá a ká òwú ló fi ìpolówó kan hàn án lórí Facebook: owó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí onídùúró, kò sí ohun ìdógò. Ọmọ náà kò ní èrò ibi kankan, ìyá ló fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ó tẹ ìlíǹkì náà, ó gbé wọn lọ sí ojúlé kan tí kì í ṣe Play Store, ibi tí Google ń kó áàpù sí, áàpù sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Fóònù kìlọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé yìí lè ṣèpalára. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá. Nígbà tí áàpù ṣí, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ṣé kó rí àwọn nọ́ńbà inú fóònù yìí? Allow. Ṣé kó máa ka mẹ́sẹ́jì tó bá ń wọlé? Allow. Fọ́tò ńkọ́? Allow. Ibi tí fóònù wà? Allow. Lẹ́yìn náà ló gba BVN, ó gba nọ́ńbà káàdì ATM, ó sì ní kí ìyá ya fọ́tò ara rẹ̀, kó gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí àyà. Ọmọ náà ní gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méje lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Allow yìí. Láti ìgbà tí Android 6 ti jáde ní ọdún 2015 ni fóònù Android ti ń dúró bi olówó rẹ̀ léèrè kí áàpù tó lè fọwọ́ kan nọ́ńbà, fọ́tò tàbí mẹ́sẹ́jì. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹ bá ti gbà kí áàpù wọlé, ẹ ti gba gbogbo ohun tó béèrè nìyẹn. Ìbéèrè kékeré yẹn ni ilẹ̀kùn ilé. Bí ẹ bá tẹ Allow sí àwọn nọ́ńbà yín, áàpù lè da gbogbo rẹ̀ kọ, orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà, kó sì fi dátà tí ẹ fi owó yín rà gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni ín. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé kó tó parí. Kò ní dúró de ọjọ́ tí gbèsè máa pé. Bí ẹ bá sì yọ áàpù náà kúrò lọ́jọ́ kejì, òfo lẹ yọ, ẹrù ti lọ.

Google pàápàá ti rí ewu yìí. Láti 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti fi òfin lé e pé áàpù ayánilówó inú Play Store kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ẹni. Wọn kì í sì í gba áàpù tó bá ní kí a san gbogbo gbèsè tán láàárín ọjọ́ 60 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó: áàpù tó ní kí a san gbèsè láàárín ọjọ́ méje, tó sì ń béèrè àwọn nọ́ńbà inú fóònù ìyá, níbo ni kó gbà wọlé bí kò ṣe ẹ̀yìnkùlé? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ìlíǹkì ni wọ́n fi ń pe ènìyàn.

₦40,000 ni wọ́n ní àwọn yá a. ₦28,000 ló wọ àkáǹtì. Wọ́n ti yọ ₦12,000 fún owó iṣẹ́ àti èlé kí owó tó jáde lọ́dọ̀ wọn, síbẹ̀ ₦40,000 ni wọ́n ń retí ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ìyá Olófì rò pé ìyókù máa wọlé lọ́jọ́ kejì. Ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ ra òwú ní Ọjà Ọba, ó sì gba ìyókù láwìn.

Ní Sátidé, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí gbèsè pé, ọmọkùnrin kan pè é ní agogo méje àárọ̀. Ìyá náà ní ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọmọ òun lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi pè é, ó ń sọ pé “ìwọ obìnrin yìí”, ó ní kó san owó kí oòrùn tó kàn àtàrí, bí kò bá fẹ́ kí gbogbo Ìlọrin mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìyá náà ṣàlàyé pé ọjọ́ Ajé ni àwọn jọ fi àdéhùn sí. Ọmọ náà pa fóònù mọ́ ọn létí.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì, fóònù tún dún, orúkọ tó sì jáde lójú rẹ̀ ni Màámi.

Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Nọ́ńbà tí a kò bá lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé-iṣẹ́ fóònù a máa gbà á, wọ́n a sì tà á fún ẹlòmíràn. Ìyá Olófì kò mọ èyí, kò sì yọ nọ́ńbà náà kúrò rí. Ó ní ọwọ́ òun gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi bọ́ sórí òwú. Nígbà tó gbé e, ohùn ọkùnrin ló gbọ́: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ yín rí. Òmù-Àrán ni mo wà. Wọ́n fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí mi pé olè ni yín, wọ́n ní èmi ni onídùúró yín, pé kí n wá san owó. Mo ní kí n pè yín kí ẹ mọ̀.” Ọlọ́run a san án fún ọkùnrin yẹn. Nínú gbogbo àwọn tí mẹ́sẹ́jì náà dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, àjèjì yìí ló kọ́kọ́ pe ìyá láti béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo rí mẹ́sẹ́jì náà fúnra mi. Fọ́tò tí ìyá yà fún wọn ni wọ́n lò, èyí tó ti gbé káàdì sí àyà. Wọ́n fi àwọ̀ pupa yí i ká, wọ́n sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí i pé wọ́n ń wá obìnrin yìí, pé gbájúẹ̀ ni, pé ó kó owó ẹgbẹ́ sá lọ. Káàdì tó gbé sí àyà ṣe é bí ọ̀daràn tí wọ́n ní kó gbé pátákó dání. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ nípa gbogbo ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ wọn, wọn ò mọ̀ pé akápò ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, kí obìnrin àsàlátù rí “kó owó ẹgbẹ́” lábẹ́ àwòrán akápò rẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ Àfáà tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní kéwú. Ó dé ọ̀dọ̀ olówùú ní Ọjà Ọba, tó rán ọmọ wá gba owó àwìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tó ń ṣe yìgì, tó ní òun fẹ́ gba owó àsansílẹ̀ padà. Ó dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀, ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti pa fóònù náà, ó fi ìborùn wé e bí ẹni gbé ohun tó ń jóni. Mo fún un ní ìjókòó, kò jókòó. Ó ní, “Ọmọ mi, bá mi fọ́ nǹkan yìí.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká má fọ́ ọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí tí a ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, áàpù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ dànù nítorí ìbínú, ìwé àdéhùn gbèsè náà á sì bá a lọ. Èmi àti ọmọ rẹ̀ tan fóònù, a ya àwòrán ojú áàpù ní ìkọ̀ọ̀kan: iye tí wọ́n kọ, iye tí wọ́n san, ọjọ́ tó pé, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pe ara wọn. A ya ìpè, a ya mẹ́sẹ́jì, a ya nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́. A kó gbogbo rẹ̀ lọ sí íméèlì ọmọ náà, kí fóònù má bàa bàjẹ́ kó gbé ẹ̀rí lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣí ibi tí fóònù ti ń to ohun tí a gba áàpù láàyè láti ṣe. Mo pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yọ áàpù náà, mo sì ti àyè tó jẹ́ kí áàpù lè gba orí ìlíǹkì wọlé pa. Mo ka àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. 412 ni.

Káàdì ATM ló kàn. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ pe báǹkì, a dúró lórí ìlà pẹ́ gan-an kí ènìyàn tó gbé e, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e, ó ti káàdì náà pa lójú ẹsẹ̀. A yí PIN tí ó fi ń fi owó ránṣẹ́ padà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló fa àríyànjiyàn. Àfáà wá kí wọn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà wà níbẹ̀. Àfáà ní gbèsè kì í ṣe ohun eré nínú ẹ̀sìn, ohun tí ènìyàn bá gbà, kó san án. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ní ₦28,000 ni ìyá gbà, kò gba ₦40,000. Àfáà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ìyá Olófì fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní òun á san ₦40,000 kí òun lè sùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó owó náà sílẹ̀, wọ́n sì san án láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tó pé gan-an, sí àkáǹtì tí a ti yà lójú áàpù, a sì pa rìsíìtì mọ́. Títí di òní, mi ò fara mọ́ ₦12,000 yẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ kiri ìlú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ńbà mìíràn pè, ó ní ₦9,500 kù, owó ìyà. Ìyẹn la ò san.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni onídùúró. Láyé àtijọ́, bí ẹni kan bá jẹ gbèsè tí kò rí i san, olówó a lọ bẹ ológò. Ológò a wá jókòó sí ojúde onígbèsè, a máa bú tọmọdé tàgbà, a máa pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí ìdílé yóò fi dá owó jọ. Ìwà líle ni, inú ẹnikẹ́ni kì í dùn sí i. Síbẹ̀, ojúde onígbèsè ló jókòó sí. Ará ilé tó ń dún mọ́ mọ gbèsè náà, ó sì mọ ojú ológò. Bí ẹni kan bá sì ṣe onídùúró, ó ti kọ́kọ́ bọ́ síta, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dúró. Áàpù yìí ní kò sí onídùúró. Irọ́ ni. 412 ènìyàn ni wọ́n fi ṣe onídùúró, wọn ò bi ẹnì kankan nínú wọn. Òkú wà nínú wọn.

Òfin kò dákẹ́ lórí irú èyí. Láti ọdún 2022 ni àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí jáde lórí ojúlé wọn. A wò ó, orúkọ áàpù yìí kò sí níbẹ̀. Òfin ààbò dátà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìròyìn nípa ènìyàn gba ìyọ̀ǹda tó yé ẹni náà, kó má sì gbà ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Nọ́ńbà Àfáà kò wúlò fún ẹni tó ń yá ìyá ní owó òwú. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi bíba orúkọ jẹ́ halẹ̀ mọ́ ènìyàn kí a lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tiwa yìí, FCCPC gbé ìlànà tuntun jáde, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 100 náírà. A kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC àti sí àjọ tó ń bójú tó òfin dátà, a so gbogbo àwòrán tí a yà mọ́ ọn. Àgọ́ ọlọ́pàá tí a lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá ni pé, “Ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó àbí ẹ ò jẹ wọ́n?” Rìsíìtì ni ọmọ rẹ̀ fi dáhùn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo èyí dára, kò sì tó. Ìwé ẹ̀sùn kò lè yọ fọ́tò kúrò lójú àwọn tó ti rí i. Mo sọ fún ìyá pé kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù náà. Ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó tọrọ àforíjìn nínú rẹ̀, ó yarí. “Kí ni mo ṣe fún wọn? Ṣé èmi kọ́ ni wọ́n bà lórúkọ jẹ́?”

Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Obìnrin kan wà nínú àsàlátù wọn, tó sá kúrò lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, kò sì fún ju ènìyàn bíi mẹ́wàá lọ. Ìyá Olófì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà ní, “Ìyá, nọ́ńbà tiẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, pa pọ̀. Òun fi sí ìkáwọ́ yín ni.” Ìyá náà jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Èmi pàápàá, tó jẹ́ iṣẹ́ mi nìyí, mi ò rò ó dé ibẹ̀ kí ọmọ náà tó sọ ọ́. Nọ́ńbà inú fóònù mi, mo máa ń sọ pé tèmi ni. Ohun tí mo ni níbẹ̀ kò pọ̀. Àwọn èèyàn ni wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ mi.

Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́: “Àsàlámù alékùm. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohùn mi. Ẹ ti rí fọ́tò mi. Mo yá owó lórí fóònù, ₦28,000 ló dé ọwọ́ mi, mo ti san ₦40,000 lọ́jọ́ tó pé. Mi ò kó owó ẹgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ forí jì mí. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ má bá wọn wí. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ìlíǹkì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún ọmọ mi.” Ó pe obìnrin tó wà nínú àsàlátù yẹn lọ́tọ̀, ó sì lọ sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí wọ́n sọ, mi ò béèrè.

Ènìyàn 37 ló fèsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Oníbàárà yìgì ní kó máa hun aṣọ òun lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àsàlátù pàdé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ìyá Olófì gbé agolo mílíìkì náà jáde lábẹ́ ìborùn, ó yí i dà sórí ẹní níwájú gbogbo wọn, ó ní kí ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí òun ka á. Ọmọ rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú yàrá náà kò ju ìró bébà owó lọ. ₦186,450. Ó bá ìwé mu. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn ní kó kó o padà sínú agolo kó sì gbé e lọ sílé.

Wọ́n ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí n bá wọn wo fóònù tiwọn. Mo lo wákàtí mẹ́ta lórí ẹní yẹn. Mo bá áàpù tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti gbà láàyè kó máa rí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Tọ́ọ̀ṣì! Kí ni iná ń fi nọ́ńbà ènìyàn ṣe? Mo fi ibi tí wọ́n ti ń wò ó hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa èyí tí kò wúlò. Ìyá kan tó ti lé ní 70 pa mọ́kànlá lórí fóònù tirẹ̀, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun ṣe ti ọmọ ọmọ òun náà.

Ìlíǹkì tí áàpù náà gbà wọlé kò ṣí mọ́ nígbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. FCCPC fèsì pé ẹ̀sùn wa ti dé ọwọ́ wọn. Ìpè ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé oṣù keje, ó sì dáwọ́ dúró. Ọmọkùnrin tó ń ká òwú ṣì wà lọ́dọ̀ Ìyá Olófì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a yọ àwọn nọ́ńbà tí kò wúlò mọ́ kúrò nínú fóònù ìyá. Nígbà tí wọ́n dé orí Màámi, ó ní kí ó yọ nọ́ńbà kó fi orúkọ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ọmọ rẹ̀ bímọ, wọ́n sì pè mí sí sùúnà. Àna rẹ̀ wá, ó kí i dáadáa, wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí onílù dé, àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń kó báàgì wọn lé Ìyá Olófì lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àna rẹ̀ dìde pẹ̀lú wọn. Ó jó, ó ná owó, ó yí gbogbo agbo ká, báàgì rẹ̀ sì wà lábíyá rẹ̀ títí wọ́n fi ká ẹní.